Gírísì ìpamọ́ lára ìbọn ológun àtijọ́: ohun tó ń bọ́ ọ, àti ohun tí kò lè bọ́ ọ

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra ìbọn ológun àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, tó gbé e délé, tó ṣí páálí rẹ̀, sábà máa ń rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Irin kò hàn lára ìbọn náà rárá. Gírísì pupa rúsúrúsú kan ló bò ó láti ẹnu títí dé ìdí, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òórùn epo ọkọ̀ ń jáde lára rẹ̀. Ibì kan rọ̀, ibòmíì ti le gbagidi. Ó wà nínú ihò síkúrù, ó wà nínú ọ̀pá ìbọn, ó ti wọ inú igi lọ. Ẹlòmíì á sáré lọ wá pẹtiróòlù, ẹlòmíì á mú sáńpépà, ẹlòmíì á kó gbogbo rẹ̀ sínú ófùn ìdáná. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ní ṣú kí wọ́n tó ba ohun tí àwọn ológun fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú jẹ́. Gírísì yẹn gan-an ló gba ìbọn náà là lọ́wọ́ ìpẹtà láti ìgbà tí bàbá wa àgbà ti wà lọ́mọdé.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú níbẹ̀ ni pé ohun mẹ́ta ni wọ́n ń kà sí ọ̀kan. Gírísì ìpamọ́ wà, iyọ̀ tí ọta àtijọ́ máa ń fi sílẹ̀ nínú ọ̀pá wà, ìpẹtà náà sì wà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè bára wọn lára ìbọn kan ṣoṣo, àmọ́ ohun tó ń bọ́ ọ̀kan kì í bọ́ èkejì. Ooru àti epo ló ń bọ́ gírísì. Omi ló ń bọ́ iyọ̀. Ìpẹtà ní tirẹ̀, ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ló ń fẹ́. Àwọn tó ń ta oògùn ìfọ̀bọn kì í sábà ya wọ́n sọ́tọ̀, olúkúlùkù á ní ìgò tòun ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Gírísì ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí jù, torí òun ló ń kó ìpayà bá ènìyàn ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀ ná, nítorí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ orílẹ̀-èdè àti ẹni tó ní green card lè ra irú ìbọn yìí, bí òfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé bá gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà àbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láyè láti ní ìbọn, àyàfi nínú ipò díẹ̀ tí òfin náà dárúkọ, bí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Bíbá ọ̀rẹ́ tọ́jú rẹ̀ sílé náà lè di ọ̀ràn síni lọ́rùn. Ní Ìlú Ọba, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ẹ ti máa gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó ní in. Ní ti Nàìjíríà, òfin kò fi àyè ìbọn ológun sílẹ̀ fún ará ìlú, gbígbé e jáde ní Amẹ́ríkà láìgba àṣẹ sì tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi sínú dúrọ́ọ̀mù tàbí kọ̀ǹténà tó ń lọ Èkó.

Àwọn Amẹ́ríkà ń pe gírísì náà ní Cosmoline. Orúkọ ọjà ni, ilé iṣẹ́ E. F. Houghton ní ìlú Philadelphia, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1865, ló kọ́kọ́ ń ṣe é. Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ìpara ojú ọgbẹ́ ni wọ́n ń tà á fún. Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun gbà á fún irin, torí ó ń dí irin mọ́, kò jẹ́ kí omi àti afẹ́fẹ́ rí i kàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ń fi bo ìbọn àti ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, nítorí afẹ́fẹ́ òkun kò ṣeé fi irin lásán lé lọ́wọ́. Gírísì tó wà lára ìbọn Rọ́ṣíà kì í ṣe Cosmoline gan-an. Àwọn ológun Soviet ní tiwọn. Àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ọ̀nà kan náà la sì ń gbà bọ́ wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ fi ń fi orúkọ kan pe gbogbo rẹ̀.

Ìdí tó fi le ni pé epo tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ máa ń fò lọ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ohun tó ṣẹ́kù á wá di ìda. Cosmoline tuntun máa ń yọ́ bí ooru bá dé nǹkan bíi 45 sí 52 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìwọ̀n yẹn kò tilẹ̀ pọ̀ tó omi tí à ń fi pọ tíì. Ẹ wo òrí nígbà ọyẹ́, bó ṣe máa ń le débi pé ṣíbí kò ní wọ̀ ọ́, tí oòrùn ọ̀sán bá sì kàn án, á ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni gírísì yìí ṣe rí. Ẹni tó ń fi ọ̀bẹ họ ọ́ ń fi agbára wá ohun tí ooru ń ṣe láìlàágùn, ojú ọ̀bẹ á sì ti fá irin kí ó tó mọ̀.

Ìbọn Mosin-Nagant ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló wọ́pọ̀ jù nínú irú àwọn ìbọn bẹ́ẹ̀. Ọdún 1891 ni ìjọba ọba Rọ́ṣíà gbà á fún ọmọ ogun wọn. Sergei Mosin, ológun ará Rọ́ṣíà, àti Léon Nagant, oníṣẹ́ ìbọn ará Bẹ́ljíọ̀mù, ni orúkọ wọn wà lára rẹ̀. Ní 1930 ni wọ́n tún un ṣe di èyí tí à ń pè ní M91/30. Ilé iṣẹ́ ìlú Tula àti ti Izhevsk ló ṣe èyí tó pọ̀ jù, wọ́n sì ń dá iye gbogbo Mosin tí wọ́n tíì ṣe sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 37. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, wọ́n kó wọn padà sí ilé àtúnṣe, wọ́n pààrọ̀ ohun tó ti bàjẹ́, wọ́n fín nọ́ńbà tuntun sára ẹ̀yà tó wá láti ara ìbọn mìíràn, wọ́n fi gírísì bò wọ́n, wọ́n sì tò wọ́n sínú àpótí igi de ogun mìíràn. Ìjọba Soviet tú ká ní 1991, àwọn àpótí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọjà. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, kò tó 100 dọ́là tí wọ́n ń ta ọ̀kan ní Amẹ́ríkà. Ó ti wọ́n gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú ba tirẹ̀ jẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan gírísì, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn. Ẹ fa bolt sẹ́yìn, ìyẹn irin tí à ń fi ọwọ́ tì síwá-sẹ́yìn láti kó ọta wọlé. Ẹ ṣí àpò ọta nísàlẹ̀. Kí ẹ wá ti ọ̀pá ìfọ̀bọn gba ẹnu ìbọn títí ẹ ó fi rí orí rẹ̀ lódìkejì. Ojú nìkan kò tó, torí gírísì lè bo ọta mọ́lẹ̀ nínú ilé ọta, níbi tí ọta máa ń jókòó sí kí ìbọn tó dún. Gbogbo ọta tó bá wà nínú ilé, ẹ kó o lọ sí yàrá mìíràn.

Mosin kò ṣòro tú. Bí ẹ bá fa bolt sẹ́yìn, tí ẹ sì fi ìka fa ibi tí à ń fà láti yìnbọn mọ́ra, bolt á bọ́ sí yín lọ́wọ́. Síkúrù ńlá méjì ló so irin mọ́ igi, ọ̀kan wà níwájú àpò ọta, èkejì wà lẹ́yìn ibi tí bolt ń gbà. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ohun gbogbo bí ẹ ṣe ń tú u. Kí síkúrúdíráfà yín kún ojú síkúrù dáadáa, torí èyí tó kéré á jẹ orí síkúrù, orí síkúrù sì ni ẹni tó mọ ìbọn kọ́kọ́ máa ń wò bó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín.

Fún irin, omi híhó ni mo fara mọ́ jù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á ní, “Omi kẹ̀? Lára irin?” Ìbẹ̀rù yẹn mọ́gbọ́n dání, àwọn ọdẹ ilé wa pàápàá kì í jẹ́ kí òjò pa ìbọn ṣakabùlà wọn lásán. Àmọ́ omi tó dúró sára irin ló ń mú un dógùn-ún. Omi híhó ń mú irin fúnra rẹ̀ gbóná, irin gbígbóná á sì gbẹ omi tó kù lára rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ gbé ọ̀pá ìbọn nàró sínú báàfù tàbí agbada irin tó jìn, ẹ fi àrọ sí ẹnu ilé ọta, kí ẹ sì máa da omi híhó gba ibẹ̀ kí ó máa jáde lẹ́nu ìbọn. Ẹ ó rí gírísì tó ń ṣàn jáde, omi náà á pọ́n, á máa mọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké lè wọ inú ìkòkò omi híhó, ìkòkò tí ẹ kò tún ní fi dáná mọ́ láéláé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, torí ọ̀pá irin tí omi híhó ti gba inú rẹ̀ kọjá lè bó ọwọ́.

Bí omi bá ti gbẹ lára irin báyìí, ẹ má lọ jẹun. Irin tí gírísì àti epo ti kúrò lára rẹ̀ pátápátá kò ní ohunkóhun tó ń dáàbò bò ó mọ́, ìpẹtà tẹ́ẹ́rẹ́ lè jáde lójú yín níbẹ̀. Ẹ fi epo ìbọn nù ún tinútòde nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní ti omi tí ẹ lò, ẹ jẹ́ kó tutù kí gírísì lè dì lójú rẹ̀, ẹ kó gírísì náà sínú agolo, ẹ gbé e lọ síbi tí ìjọba ìbílẹ̀ yín ti ń gba epo ọkọ̀ àlòkù. Ẹni tó bá dà á sínú ihò fífọ àwo, inú páìpù ni yóò ti dì, owó púlọ́ńbà ló sì máa fi gbọ́ ọ.

Omi híhó kì í tán gbogbo rẹ̀. Èyí tó há sáàárín ìkọ̀kọ̀ irin àti inú sípíríǹgì, epo ló máa yọ ọ́. Kẹrosíìnì tí gbogbo wa mọ̀ ń ṣe é dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ní mineral spirits, tí wọ́n ń pè ní white spirit ní Ìlú Ọba, ìyẹn epo tí àwọn akunlé fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà. Epo rọ̀bì ló bí àwọn àti gírísì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú u. Ẹ rẹ àwọn ẹ̀yà náà sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ wọ́n, ẹ nù wọ́n, ó parí. Ìta tàbí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí iná má sì sí nítòsí.

Pẹtiróòlù kọ́. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ó ń tú gírísì lóòótọ́, ó ń yá, ó sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó, nítorí náà ẹnìkan á máa gba ẹlòmíì nímọ̀ràn láti lò ó. Kódà nínú òtútù yìnyín, afẹ́fẹ́ tó ń gbaná ń jáde lára pẹtiróòlù, afẹ́fẹ́ náà wúwo, ilẹ̀ ló máa ń rà gbà lọ. Inú gáréèjì ni ẹ̀rọ amómi-gbóná tó ń lo gáàsì máa ń wà ní ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní iná kékeré tó ń jó lábẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ènìyàn lè jókòó sí òpin kan gáréèjì kí iná mú u láti òpin kejì. Àwa tí a dàgbà ní Nàìjíríà mọ ohun tí kẹrosíìnì tí wọ́n fi pẹtiróòlù là ti fojú ọ̀pọ̀ ìdílé rí. Ófùn ìdáná náà kò dára: èéfín gírísì yẹn á wọ ibi tí ẹ ti ń yan oúnjẹ ọmọ yín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á fọ ara ìbọn títí á fi máa dán, wọ́n á sì fi ibi tó léwu jù sílẹ̀. Inú bolt ni ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ irin kan wà nínú rẹ̀ tó ń gún ìdí ọta kí ẹ̀tù tó gbaná, gírísì sì máa ń kún ibi tí abẹ́rẹ́ náà ń gbà. Lára Mosin, gírísì tó le yóò dín agbára abẹ́rẹ́ kù, pàápàá nígbà òtútù, ọta kò sì ní dún. Èyí kò dára, síbẹ̀ ó sàn.

Lára SKS, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. SKS ni ìbọn tí Sergei Simonov ṣe, tó ń jẹ́ orúkọ ọdún 1945, tó ń kó ọta tuntun wọlé fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀kan bá dún. Lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, abẹ́rẹ́ inú bolt kò ní sípíríǹgì tó ń fà á sẹ́yìn, ṣe ló kàn ń rìn síwá-sẹ́yìn ní tirẹ̀. Bí gírísì bá mú un síwájú, tí orí rẹ̀ yọ síta, yóò gún ìdí ọta ní kété tí bolt bá tì í wọlé. Ìbọn náà á dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á, ó sì lè máa dún tẹ̀ léra títí àpò ọta á fi ṣófo, níbikíbi tó bá kọjú sí. Nítorí náà ẹni tó ra SKS tó wà nínú gírísì gbọ́dọ̀ tú bolt rẹ̀ palẹ̀, kó yọ abẹ́rẹ́ náà jáde, kó fi epo fọ ihò rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bó bá tò ó padà tán, kó mi bolt náà létí. Ìró abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bí kò bá gbọ́ ọ, kó má fi ọta kankan sínú ìbọn náà. Inú bolt yìí kò fẹ́ gírísì, kò sì fẹ́ epo púpọ̀.

Mosin náà ní ohun tirẹ̀ láti ṣọ́ra fún nígbà tí ẹ bá ń to bolt padà. Wíwé la ń wé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọlé, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó yọ jù tàbí kó kúrú jù. Irin ìtúbọn kékeré tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbọn náà ní ojú méjì tí wọ́n kọ 75 àti 95 sí. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ kan ojú 75, kò sì gbọdọ̀ kan ojú 95. Èyí tó bá yọ jù lè lu ìdí ọta ní àlujá, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná sì tú padà sí ojú ẹni tó yìn ín.

Ibòmíì tí ọwọ́ kì í dé ni ilé ọta. Ẹ ó gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń ráhùn pé bolt Mosin le, pé lẹ́yìn ọta mélòó kan àwọn ní láti fi òòlù igi gbá a kó tó ṣí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìbọn náà kò ní àìsàn kankan. Gírísì tó ti gbẹ lára ògiri ilé ọta ló ń rọ̀ nígbà tí ìbọn bá gbóná, tó ń lẹ ìhà ọta mọ́bẹ̀. Bí bolt bá ń lọ geere nígbà tí ìbọn ṣófo, tó sì ń há lẹ́yìn tí ẹ bá yìn ín, ilé ọta ni kí ẹ wò. Búrọ́ọ̀ṣì tó ń wọ inú ọ̀pá kéré fún un, ilé ọta fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì irin tó tóbi, ẹ rẹ ẹ́ sínú mineral spirits, ẹ máa yí i po níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì fi àkísà nù ún. Inú ọ̀pá náà, ẹ máa ti àkísà kékeré gba inú rẹ̀ títí èyí tó ń jáde kò fi ní ní àwọ̀ gírísì mọ́. Ọ̀pá tí gírísì dí lè wú bí ẹ bá yìnbọn gba inú rẹ̀.

Ó kan igi. Ibẹ̀ ni ọkàn mi wà jù, torí irin tí ẹ bá bàjẹ́ ṣì lè rí àtúnṣe, igi tí ẹ bá fi sáńpépà họ ti bọ́. Àmì ilé iṣẹ́ àti ti àwọn olùyẹ̀wò wà lára igi náà, ojú àpá tí ó gbà lójú ogun wà níbẹ̀, àwọn tó ń kó ìbọn jọ sì ń sanwó lé e. Igi Mosin tí wọ́n tún ṣe ní ilé ìṣẹ́ ológun Soviet, shellac pupa, ìyẹn ọ̀dà igi tó ń dán, ni wọ́n sábà fi kùn ún. Ọtí líle inú ìgò oògùn máa ń tú shellac, omi híhó sì máa ń sọ ọ́ di funfun, nítorí náà ohun tó dára fún irin kò dára fún un. Ẹ kọ́kọ́ fi àkísà nu èyí tó wà lójú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àkísà tó gbẹ wé igi náà, ẹ fi náílọ́ọ̀nù dúdú bò ó, ẹ gbé e sí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn. Gírísì á sun jáde láti inú igi, àkísà á sì fà á mu. Ẹ pààrọ̀ àkísà, ẹ tún gbé e síta lọ́jọ́ kejì. Bí oòrùn kò bá sí, ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun lè ṣe é, ibì kan lẹ́yìn ibì kan, kó má gbóná débi pé shellac á máa wú.

Igi nìkan ni kí ẹ gbé síta, ẹ fi irin sílẹ̀ nínú ilé, ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ sì gbé e sí. Ẹni dúdú ni wá ní Amẹ́ríkà. Aládùúgbò tó bá yọjú lójú fèrèsé tó rí ìrísí ìbọn lọ́wọ́ yín lè pe ọlọ́pàá kó tó béèrè ohunkóhun, ẹ sì mọ bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ṣe lè parí. Ẹ má sì fi ìbọn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ torí pé inú ọkọ̀ ń gbóná dáadáa, olè ló ń wá irú rẹ̀ kiri.

Ìbọn mìíràn lè má ní shellac. Igi M1 Garand ti Amẹ́ríkà àti Lee-Enfield ti Ìlú Ọba, èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà gbé dé Bọ́mà nígbà ogun, epo igi ni wọ́n fi ń pa wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ fi epo linseed pa irú igi bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí gírísì bá ti kúrò, ẹ má ṣe rún àkísà rẹ̀ jọ sígun yàrá. Epo yẹn máa ń gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, àkísà tí wọ́n kó jọ lè gbaná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ àwọn àkísà náà síta lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n gbẹ.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ kò gùn, àmọ́ òun ló ń jẹ ọ̀pá ìbọn lẹ́yìn tí gírísì bá ti kúrò. Ọta ológun àtijọ́ tí wọ́n máa ń ta pẹ̀lú Mosin, èyí tó ń wà nínú agolo irin, 440 nínú agolo kan, ní èròjà kan tí à ń pè ní potassium chlorate nínú ohun tó ń tanná ní ìdí rẹ̀. Bó bá ti dún, iyọ̀ ló ń fi sílẹ̀ nínú ọ̀pá, iyọ̀ sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, pàápàá níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bíi ìlú Houston, inú ọ̀pá lè ti dógùn-ún. Kẹrosíìnì kì í tú iyọ̀. Epo ìbọn kì í tú u, ṣe ló kàn ń bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ lo omi ìnugíláàsì nítorí pé ó ní ammonia tó ń pa iyọ̀ náà. Ammonia kò pa iyọ̀ kankan. Omi tó wà nínú ìgò yẹn ló ń fọ̀ ọ́ lọ, omi lásán tó gbóná yóò sì ṣe é dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ da omi híhó gba inú ọ̀pá ní ọjọ́ tí ẹ bá yìn ín gan-an, ẹ fọ ojú bolt pẹ̀lú, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi epo pa á.

Ìpẹtà ni ẹ ó rí kẹ́yìn, bí gbogbo nǹkan bá ti mọ́ tán. Ẹ má fi ọtí kíkan tàbí oògùn ìyọpẹtà lé e. Àwọ̀ dúdú tó wà lára irin ìbọn àtijọ́ àti ìpẹtà jọ jẹ́ ohun tí irin àti afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ ni, ásíìdì kò mọ èyí tí ẹ fẹ́ yọ, yóò kó méjèèjì lọ, irin á funfun báláú. Epo ìbọn díẹ̀ àti kànìnkànìn irin tó kúnná jù lọ, èyí tí wọ́n kọ 0000 sí, tí ẹ fi ọwọ́ fúyẹ́ rà lójú ìpẹtà, ti tó.

Kí ẹ tó yin ọta àkọ́kọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn kó fi irin ìwọ̀n wò bóyá àlàfo tó wà láàárín bolt àti ọta kò fẹ̀ jù. Bí nọ́ńbà ara bolt kò bá bá ti ara ọ̀pá mu, èyí di dandan. Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá yin ọta bí ogún lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọ̀pá gbóná, ẹ ó rí i pé igi tún bẹ̀rẹ̀ sí í sun gírísì lẹ́bàá ọ̀pá, bó ti wù kí ẹ ti fọ̀ ọ́ tó. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ohun tó ti wọnú igi fún àádọ́ta ọdún kì í jáde lọ́sẹ̀ kan. Ẹ mú àkísà lọ́wọ́ lọ síbi ìyìnbọn, kí ẹ máa nù ún bó ṣe ń jáde.